Ẹnì Kejì Nídìí Ohun Gbogbo: Bí Ìyàwó Káfíńtà Ṣe Múra Ìkúnlẹ̀ Rẹ̀

Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni mí ní sẹ́ńtà ìlera abúlé kan ní ìhà Ìwó, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Obìnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ló ní kí n kọ ọ́, kí àwọn ẹlòmíràn lè rí i kà. Mo yọ orúkọ ènìyàn àti orúkọ abúlé kúrò. Ìyàwó Káfíńtà ni n ó máa pè é, nítorí iṣẹ́ káfíńtà ni ọkọ rẹ̀ ń ṣe.

Bí aláboyún bá ti wọ oṣù kẹjọ, ìwé ẹrù la máa ń fún un: Dẹ́tọ́ọ̀lù, Izal, pádì, ibọ̀wọ́, òwú, aṣọ ọmọ, bọ́kẹ́ẹ̀tì. Bó bá ti kó wọn jọ, gbogbo ilé á ní ó ti múra. Ẹrù yìí wúlò, ṣùgbọ́n àìní rẹ̀ kọ́ ló ń pa obìnrin. Ohun tó ń pa wọ́n ni kí ẹni tó lẹ́nu láti sọ pé "ẹ gbé e, ó yá" má sí nílé, tàbí kí ọkọ̀ má sí, tàbí kí owó wà níbi tí ọwọ́ kò tó, tàbí kí ẹ̀jẹ̀ má sí ní bánkì ẹ̀jẹ̀. Ní 1994, àwọn olùwádìí méjì, Sereen Thaddeus àti Deborah Maine, pín ọ̀rọ̀ náà sí ìdádúró mẹ́ta: ti ilé kí wọ́n tó pinnu, ti ojú ọ̀nà, àti ti ọsibítù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbé e dé. Kò sí agbẹ̀bí ilẹ̀ wa tí kò tíì fojú ara rẹ̀ rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìwádìí NDHS ti ọdún 2018, ìyẹn ìwádìí lórí ìlera àwọn ìdílé ní Nàìjíríà, sọ pé nínú ìbí 100,000 ní Nàìjíríà, obìnrin 512 ló ń bá a lọ. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ya lẹ́yìn ìbí sì wà lára olórí ohun tó ń gbé wọn lọ.

Ohun tí a ṣe fún Ìyàwó Káfíńtà ni pé gbogbo ohun tí a fẹ̀yìn tì, a wá ẹnì kejì sí i. N ó sọ ibi tí èyí ti gbà á, n ó sì sọ ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó.

Ohun tí káàdì kò sọ

Ẹni ọdún 31 ni, oyún kẹrin rẹ̀ sì nìyí. Ọmọ mẹ́ta tó bí ṣáájú wà láyé, ara wọn le. Òun àti ìyá ọkọ rẹ̀ jọ ń yan gaàrí tà ni. Èkó ni ọkọ rẹ̀ ti ń rí iṣẹ́, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ló ń wálé. Oyún náà ti lé ní oṣù márùn-ún kó tó wá gba káàdì. Láti 2016 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí aláboyún rí òṣìṣẹ́ ìlera ní ẹ̀ẹ̀mẹjọ, ó kéré tán, kó tó bí, kí márùn-ún nínú rẹ̀ sì bọ́ sí oṣù mẹ́ta ìgbẹ̀yìn. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ fún un pé bó tilẹ̀ pẹ́ kó tó dé, èyí tó nípọn jù ṣì wà níwájú.

Nígbà tí oyún pé ọ̀sẹ̀ 34, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dára, 110/70. Orí ọmọ ti kọ ìsàlẹ̀, ìtọ̀ rẹ̀ mọ́. PCV rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n tó ń fi hàn bóyá ẹ̀jẹ̀ tó lára, ni kò dára: 27. Ohun tí a ń fẹ́ lára aláboyún ni 33 sókè. Tó bá ti wá sísàlẹ̀ 30, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní kékeré.

Mo wá bi í bí ó ṣe bí ọmọ kẹta. Ó kọ́kọ́ wo ìyá ọkọ rẹ̀ tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ní, "Ó yá, Àǹtí Nọ́ọ̀sì. Kò dà mí láàmú rárá."

"Lẹ́yìn tí ọmọ jáde ńkọ́?"

Ó dákẹ́. Ó ń ká etí ìró rẹ̀ mọ́ ìka, ó ń tú u, ó tún ń ká a. Nígbà tó pẹ́, ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ náà pọ̀ díẹ̀."

Díẹ̀ tó wí yìí, ìró méjì ló rin gbingbin. Ilé àbíyè ìjọ ló bí sí lóru ọjọ́ náà. Òòyì kọ́ ọ, ó dákú, wọ́n ń dúró kí ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ilẹ̀ ti mọ́ kí wọ́n tó fi ọ̀kadà gbé e lọ sí ọsibítù, páìǹtì ẹ̀jẹ̀ méjì ni wọ́n sì fà sí i lára. Kò sí ìkankan nínú èyí lórí káàdì rẹ̀. Iye ọmọ tó bí àti bóyá wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí rẹ̀ rí ni ìwé náà béèrè, òun náà sì dáhùn ohun tí wọ́n bi í.

Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ bá ti ya lẹ́yìn ìbí rí, ó rọrùn kó tún ya á. Bí ọmọ bá jáde, tí ibi sì tẹ̀ lé e, ńṣe ló yẹ kí ilé ọmọ sún kì kó le bí ìkúùkù, kó lè fún ojú àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ibi lẹ̀ mọ́ pa. Bó bá rọ̀, ẹ̀jẹ̀ kò ní dá. Ẹni tí PCV rẹ̀ sì jẹ́ 27 kò ní èyí tí yóò dà nù.

Mo béèrè oògùn ẹ̀jẹ̀ tí a ti fún un. Ó ní òun ń lò ó. Nígbà tí mo yà sílé wọn, mo bá a lábẹ́ ìrọ̀rí, nínú ọ̀rá tí a fi dì í, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má dín. Ó wá sọ òtítọ́ fún mi pé ó ń rìn òun lọ́kàn, àti pé ọjọ́ tí òun kọ́kọ́ lò ó ni ìgbẹ́ òun dúdú kirikiri, ẹ̀rù sì ba òun pé ọmọ ti ń bàjẹ́ nínú. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ ni oògùn náà ń ṣe. Mo ní kó máa lò ó lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, kó fi ọsàn tẹ̀ lé e, kó má fi tíì lò ó, nítorí tíì kì í jẹ́ kí ara rí i gbà. Láti ọjọ́ náà ló ti ń lò ó. Nígbà tó fi di ọ̀sẹ̀ 37, PCV ti di 30.

Ìjókòó ní pálọ̀ Màmá

Ibi tí yóò bí sí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Màmá, ìyá ọkọ rẹ̀, ló ni àṣẹ ilé yẹn. Mo ní kí a dúró de ìgbà tí Káfíńtà bá wálé, kí gbogbo wa jókòó. Àwa tó jókòó ni Màmá, Káfíńtà, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó ń tún ọ̀kadà ṣe, obìnrin náà fúnra rẹ̀, àti Ìyá Àbíyè, ìyẹn ìyá àgbà tó ń gbẹ̀bí ní ilé àbíyè ìjọ. Èmi ni mo ní kí wọ́n pè é. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan kì í fẹ́ rí irú wọn sójú, èmi kò sí lára wọn. Ẹni tí aboyún ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu jù ọ́ lọ, bí o kò bá pè é síbi ọ̀rọ̀, ẹ̀yìn rẹ ni yóò ti máa bá a sọ ọ́.

Màmá kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi jìnnà. Bí mo ti dárúkọ ẹ̀jẹ̀ ló gbé ọwọ́ sókè. "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe ẹ̀jẹ̀ sínú ilé yìí. Wẹ́rẹ́ ni yóò bí."

"Àmín, Màmá. Wẹ́rẹ́ ni yóò bí. Àdúrà tí èmi náà ń gbà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ta ló fọ ìró méjì yẹn lọ́jọ́sí?"

Ilé pa lọ́lọ́. Màmá ní, "Èmi ni." Ohùn rẹ̀ ti yí padà. Ó ní òun fọ ọ̀kan, òun sin èkejì sẹ́yìn ilé, kò ṣeé fọ̀. Káfíńtà wo ìyá rẹ̀. Kò gbọ́ èyí rí.

Ìyá Àbíyè ló gba ọ̀rọ̀ sọ lẹ́yìn ìyẹn. Ó ní, "Ọwọ́ mi ni ọmọ yẹn bọ́ sí. N kò fẹ́ rí irú òru bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé mi." Ó bi mí bóyá mo lè fún òun ní abẹ́rẹ́ tí a fi ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró kí òun tọ́jú rẹ̀ pamọ́. Ìbéèrè gidi ni, mo sì dá a lóhùn bí ó ti yẹ. Oxytocin ni abẹ́rẹ́ náà. Yúnìtì 10 la máa ń gún fún ìyá kí ìṣẹ́jú kan tó pé lẹ́yìn tí ọmọ bá jáde. Inú fíríìjì ló ń gbé, láàárín ìwọ̀n òtútù 2 sí 8. Bí ooru bá pẹ́ lára rẹ̀, agbára rẹ̀ á máa lọ, ojú kò sì ní mọ̀ ọ́n. Ilé àbíyè kò ní fíríìjì, iná ọba sì ń lọ fún ọjọ́ mélòó kan lábúlé wa. Bó bá sì ṣẹlẹ̀ pé abẹ́rẹ́ nìkan kò ká a, omi dírípù, oògùn mìíràn àti ẹ̀jẹ̀ gidi ló kù, ọsibítù nìkan ni gbogbo ìyẹn wà. Ìyá Àbíyè mi orí. Ó ní, "Ó yé mi. Ẹ jẹ́ kí n bá wọn lọ nígbà náà, n ó máa gbàdúrà fún un nínú ọkọ̀." Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbà kò wọ kèrègbè. Bí ó ṣe sọ èyí ni ọ̀rọ̀ ibi tí yóò bí sí parí. Ohun tí èmi ì bá fi wákàtí bíi mélòó sọ, gbólóhùn kan láti ẹnu rẹ̀ ló ṣe é.

Ọ̀rọ̀ àṣẹ ló kàn. Mo ní, "Màmá, àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Bó bá jẹ́ òru, tí fóònù Káfíńtà kò lọ, ta ni yóò ní kí wọ́n gbé e?" Kí Màmá tó dáhùn, Káfíńtà ti sọ̀rọ̀: "Màmá, ẹ má dúró dè mí o. Bí ẹ bá ti rí i pé ó yá, ẹ gbé e. Mo ti fọwọ́ sí i lónìí." Mo ní kó tún un sọ, kí gbogbo wa gbọ́ ọ. Ó tún un sọ. Mo gbà gbọ́ pé gbólóhùn yìí níye lórí ju gbogbo ẹrù inú báàgì lọ. Ọ̀pọ̀ ìyá ọkọ ló ń bẹ̀rù pé bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lọ́sibítù, ọmọ àwọn á ní, "Ta ló ní kí ẹ gbé e lọ?" Ìbẹ̀rù yẹn ló ń mú wọn dúró di àárọ̀.

A mú awakọ̀ méjì. Àkọ́kọ́ ni ọkùnrin tó ń fi kábù kérò lọ sí ìlú, tó ń sùn lábúlé. Èkejì ni ẹni tó ń fi píkọ́ọ̀pù kó pákí. Owó ọkọ̀ òru ni a bá àwọn méjèèjì dá lójú ara wa, kí ẹnikẹ́ni má baà yọ owó mìíràn jáde nígbà tí obìnrin ń rọbí. Owó ọsibítù wà ní báńkì, ní àkáǹtì Káfíńtà. Mo ní kí díẹ̀ wà nínú ilé, owó ọwọ́. Màmá ní ìyẹn kò le, òun ní kóló lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, èrè gaàrí ló wà níbẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ ló gba àkókò jù. Ìyàwó jẹ́ O pọ́sítíìfù, ẹ̀jẹ̀ O nìkan ló sì lè gbà. Káfíńtà ti wú àyà pé òun ni òun máa fà á sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, B ni. Ó dùn ún gan-an. Àbúrò rẹ̀ ni O pọ́sítíìfù. Wọ́n wọn ìwúwo rẹ̀, wọ́n wo PCV tirẹ̀, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún HIV, àrùn ẹ̀dọ̀ B àti C, àti àtọ̀sí ńlá tí wọ́n ń pè ní syphilis. Gbogbo rẹ̀ mọ́. Nǹkan kan wà níbí tí ọ̀pọ̀ ìdílé kì í rò: ẹ̀jẹ̀ tí a fà sínú àpò máa ń ní ọjọ́ tirẹ̀. Irú àpò tí wọ́n ń lò níbẹ̀, ọjọ́ 35 ni ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ fi ń dára nínú fíríìjì. Ẹni tó bá fa ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní oṣù keje, ó ṣeé ṣe kí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá kí ìrọbí tó dé. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kí àbúrò ọkọ dúró di ọ̀sẹ̀ 36 kó tó lọ, kí ó lè bo ìyá náà mọ́lẹ̀ di ọ̀sẹ̀ 41. Bánkì ẹ̀jẹ̀ fún un ní ìwé pélébé kan.

Mo kọ gbogbo rẹ̀ sójú pátákó ìwé kan, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn: ẹni tó ń pàṣẹ, awakọ̀ kìíní, awakọ̀ kejì, ẹni tó máa bá a lọ, ẹni tó máa dúró ti àwọn ọmọ, nọ́ńbà mi, nọ́ńbà ọsibítù. Wọ́n fi ìwé bánkì ẹ̀jẹ̀ náà há ẹ̀gbẹ́ pátákó yẹn. Ní Oǹdó, nígbà tí Abíyẹ, ètò ìjọba ìpínlẹ̀ fún ìtọ́jú aláboyún, bẹ̀rẹ̀ ní 2009, fóònù wà lára ohun tí wọ́n ń pín fún aláboyún kí wọ́n lè pe òṣìṣẹ́ ìlera tó ń mójú tó wọn. Lónìí fóònù pọ̀ nílé gbogbo, àmọ́ bátìrì á kú, tàbí kí ẹni tó ni ín ti jáde, nọ́ńbà tó wà nínú rẹ̀ á sì bá a lọ. Ohun tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn kì í kú.

Mo tún kọ́ òun àti Màmá ní àmì tí wọn kò gbọdọ̀ fi sùn: orí fífọ́ tó le, kí ojú máa ṣú, kí ojú àti ọwọ́ wú lójijì, gìrì, ibà, ẹ̀jẹ̀ bó ti wù kó kéré, kí ọmọ má yíra bó ṣe ń yíra tẹ́lẹ̀, kí omi dà. Ní ti omi, mo ní kó fi pádì funfun gbà á, kó wo àwọ̀ rẹ̀ lójú iná. Bó bá mọ́ tàbí pupa rẹ́súrẹ́sú, wọ́n á gbé e lọ láìfòyà. Bó bá ní àwọ̀ ewé, kí wọ́n sáré, kí wọ́n sì sọ fún nọ́ọ̀sì bí wọ́n ṣe ń wọlé.

Ohun kan wà tí a kò rí bá a ṣe. Mo fẹ́ kó lọ máa gbé lọ́dọ̀ àǹtí ọkọ rẹ̀ nílùú láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ 38, nítorí ilé àǹtí yẹn kò jìnnà sí ọsibítù, òjò sì ti ba ọ̀nà abúlé jẹ́. Kò gbà tán. Pákí ti wà nílẹ̀, ẹni tó máa bó o kò sí, ọmọ rẹ̀ àgbà sì fẹ́ ṣe ìdánwò. N kò lè bá a jà. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló ń bọ́ ilé. A fi sí ọjọ́ Ajé lẹ́yìn ọjọ́ ọjà.

Òru ọjọ́ náà

Ọjọ́ Ajé náà kò dé bá a nílé. Òru Sátidé mọ́jú Àìkú, ní nǹkan bí aago kan, oyún pé ọ̀sẹ̀ 37 àti ọjọ́ márùn-ún, ó yí padà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó gbọ́ tí nǹkan já nínú rẹ̀, omi sì dà sílẹ̀. Ó mú pádì, ó tan iná fóònù sí i. Omi náà mọ́. Ó jí Màmá.

Màmá pe Èkó. Nọ́ńbà kò lọ. Ó tún un pè, kò lọ. Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó pe àbúrò ọkọ tó ń sùn ní yàrá kejì, ó ní, "Dìde. A ń gbé e lọ." Nígbà tí wọ́n bí ọmọ kẹta, wákàtí mẹ́rin ni wọ́n fi ń wá ẹni tó máa sọ gbólóhùn yẹn.

Awakọ̀ kábù kò sí nílé. Ó ti kó àwọn ẹbí kan lọ síbi òkú ní Òṣogbo, ibẹ̀ ló sùn. Fóònù ẹni kejì wà ní títì, ni àbúrò ọkọ bá gun ọ̀kadà lọ kan fèrèsé rẹ̀. Ọkùnrin náà jáde pẹ̀lú ṣòkòtò kan ṣoṣo, ó gbé kẹ́ẹ̀gì epo jáde láti abẹ́ àga. Ó ní láti ọjọ́ tí a ti bá òun sọ̀rọ̀ ni òun kò ti jẹ́ kí ó tán. Wọ́n tẹ́ fóòmù sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù. Ìyá Àbíyè jókòó sí apá ibi orí rẹ̀, Màmá sí ibi ẹsẹ̀. Ìrọbí mú un lójú ọ̀nà. Ìyá Àbíyè ń gbàdúrà, ó sì ń fi ọwọ́ wọn bí ìrọbí náà ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Nígbà tí wọ́n dé, òun ló sọ fún nọ́ọ̀sì pé ó ti ń wá láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún síra.

Èmi ti pe agbẹ̀bí tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀dì ti wà nílẹ̀ de wọn. Kí aago mẹ́ta tó lù ni wọ́n wọlé. Àbúrò ọkọ fẹ́ san owó àkọ́kọ́ látorí fóònù, tíránsífà kò lọ, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dá. Màmá tú ìdí ìró rẹ̀, ó kó owó kóló jáde, ó kà á sórí tábìlì: ọgọ́rùn-ún-ọgọ́rùn-ún, igba-igba, tí gaàrí ṣì wà lára àwọn kan.

Ó bímọ kí aago mẹ́jọ àárọ̀ tó kọjá. Obìnrin ni, kílò 3.1, ó ké bí ó ti jáde. Wọ́n gún ìyá ní oxytocin lójú ẹsẹ̀, ibi sì jáde odidi. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ọsibítù náà ní ọ̀rá tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ ìdí, tó ní àpò tí wọ́n fi ìlà wọn bí ẹ̀jẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Lójú tèmi, ọ̀rá yìí jẹ́ ọ̀kan lára ohun tó dára jù tó wọ yàrá ìbímọ ní ayé wa. Ojú ènìyàn máa ń ka ẹ̀jẹ̀ sí kékeré. Ìwádìí E-MOTIVE, tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà, Tàǹsáníà àti Gúúsù Áfíríkà, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2023, fi hàn pé níbi tí wọ́n bá ti ń lo ọ̀rá náà, tí wọ́n sì ń kó gbogbo ìtọ́jú lé ẹ̀jẹ̀ lórí papọ̀ dípò kí wọ́n máa gbìyànjú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀jẹ̀ yíya tó le dín kù ní ìdá 60 nínú 100. Ohun tí wọ́n ṣe fún un nìyẹn. Kí ẹ̀jẹ̀ tó dé ìlà mìlílítà 500 ni agbẹ̀bí ti ké pe ẹnì kejì. Wọ́n ń fi ọwọ́ ra ikùn rẹ̀, wọ́n fi oxytocin sínú dírípù, wọ́n fún un ní gíráàmù kan tranexamic acid, oògùn tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dá, wọ́n fa ìtọ̀ rẹ̀ jáde, wọ́n wò ó bóyá ó ya lábẹ́. Ìlà 900 ló dé kó tó dá.

Fún ẹlòmíràn, 900 yóò rẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n yóò fara dà á. Fún un, ètè rẹ̀ ti funfun, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti já sí 80/50. Dókítà ní kí wọ́n gbé ẹ̀jẹ̀ wá. Ibí ni ètò wa ti há. Ìwé pélébé bánkì ẹ̀jẹ̀ ṣì wà nílé lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó rántí rẹ̀. Wọ́n wá orúkọ ìyá nínú ìwé ńlá, kò sí níbẹ̀. Orúkọ àbúrò ọkọ ni wọ́n fi kọ ọ́, nítorí òun ló fà á sílẹ̀, orúkọ bàbá rẹ̀ tó ń jẹ́ níléèwé sì yàtọ̀ sí èyí tí ẹbí ń jẹ́ lábúlé. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ogójì ìṣẹ́jú kí wọ́n tó rí i. Ẹ̀jẹ̀ wà nínú fíríìjì, ẹni tó ni ín wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ìwé kan ló dá wọn sí méjì. Àbúrò ọkọ fúnra rẹ̀ ló wọlé lọ, ó sọ ọjọ́ tó wá, ó sọ ọwọ́ tí wọ́n fà á lára rẹ̀, kí wọ́n tó tú ìwé dé ibẹ̀. Páìǹtì kan náà wọ ìyá lára kí aago mẹ́wàá tó kọjá. Wọ́n rí èkejì láti ọwọ́ ọsibítù, pẹ̀lú ìlérí pé Káfíńtà yóò wá fa tirẹ̀ dípò. Ó dé láti Èkó lọ́sàn-án, ó sì fà á.

Ìgbà tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn, Màmá ń fi síbí fún un ní ẹ̀kọ gbígbóná. Mo ní, "Ẹ kú ewu ọmọ o." Ó ní, "Ewu iná kì í pa àwòdì, Nọ́ọ̀sì." Ó ti rẹ̀ ẹ́, ojú rẹ̀ pọ́n, aṣọ tó wọ̀ láti òru ló ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

Lẹ́yìn ìbí

Ọjọ́ kẹrin ni wọ́n tó dá a sílẹ̀, PCV 26. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ń bá a lọ fún oṣù mẹ́ta. Ìdodo ọmọ, jẹ́ẹ̀lì chlorhexidine tó ń pa kòkòrò àrùn nìkan ni wọ́n fi sí i. Màmá fẹ́ fi omi gbígbóná jó o, Ìyá Àbíyè ló dá a dúró.

Ní sẹ́ńtà wa, a ti yí nǹkan mẹ́ta padà nítorí ọ̀ràn yìí. Nọ́ńbà àpò ẹ̀jẹ̀ àti orúkọ ẹni tó fà á sílẹ̀ ń wà lójú káàdì aláboyún báyìí, pẹ̀lú yíǹkì pupa, níbi tí ẹni tó bá gbé e wọ ọsibítù yóò kọ́kọ́ rí. A kì í béèrè pé "báwo lo ṣe bí" mọ́, a ń béèrè pé "lẹ́yìn tí ọmọ jáde ńkọ́, ìró mélòó ló rin?" A sì ń bi í nígbà tí ìyá ọkọ bá wà níta. Ìkẹta ni pé a ń pe ìjókòó ilé ní ọ̀sẹ̀ 34 fún gbogbo ẹni tí ẹ̀jẹ̀ bá ti ya rí, a kì í dúró kí ọkọ wálé. A ń fi fóònù mú un wọ ìjókòó, kí gbogbo ilé gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà ṣì wà bó ṣe wà. Awakọ̀ píkọ́ọ̀pù sọ fún mi pé kòtò kan wà lẹ́bàá afárá tí òun fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sí lóru yẹn, òjò díẹ̀ sí i ni kò ní jẹ́ kí ó ṣeé gbà. Mo ti kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀ lórí rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ó gbé ọmọ wá. Ó ń fún un lọ́mú nìkan, ọmọ ti di kílò 4.6. PCV rẹ̀ ti di 32. Nígbà tí Màmá jáde lọ sọ̀rọ̀ níta, ó ní òun fẹ́ gba ìfètòsọ́mọ-bíbí, èyí tí wọ́n ń fi sí apá, ṣùgbọ́n òun fẹ́ kí a kọ́kọ́ bá Káfíńtà sọ̀rọ̀. Mo ní kó pè é kí a jọ sọ ọ́ níbẹ̀. Nọ́ńbà náà lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Káfíńtà ní òun yóò wà nílé ní Sátidé, kí n dúró de òun, òun ní ìbéèrè tí òun fẹ́ bi mí lójúkojú. Wọ́n ń bọ̀ ní Sátidé.